Pákó Ààrò Tí Díákónì Sun

Èmi ni mo kọ ìwé náà. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ìyẹn kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ti ẹlòmíràn.

Ará Èkìtì ni Job, ọmọ ìjọ wa ni, òun ló sì ń yan búrẹ́dì ní ilé búrẹ́dì kan ní Agége, lẹ́bàá ojú irin. Ọdún mọ́kànlá ló fi dúró níwájú ààrò yẹn. Òun fúnra rẹ̀ ló mọ ọ́n, ó fi amọ̀ mọ ògiri rẹ̀, ó da iyọ̀, yanrìn àti ìgò fífọ́ sábẹ́ ilẹ̀ rẹ̀, bí bàbá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ. Ibẹ̀ ni mo ti ń gba búrẹ́dì láràárọ̀ tí mo ń lọ tà á ní Ọgbà. Búrẹ́dì yẹn ló rán Kóredé àti Rótìmí mi jáde ní yunifásítì, nítorí náà bí mo bá ń yin ọwọ́ Job, ẹ má pè é ní àsọdùn.

Díákónì Olúṣẹ̀yẹ ló ni ilé búrẹ́dì náà. Ó jù mí lọ dáadáa, ó sì yẹ kí n máa sọ pé "wọ́n" bí mo bá ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún ọdún mẹ́jọ. Bí ẹ bá gbọ́ ohun tó ṣe, ẹ ó mọ ìdí tí mo fi ṣíwọ́.

Ó di ọdún kẹta tí àwọn ológun padà sí bárékè, Adébísọ́lá ìyàwó Job lóyún. Nílé ìwòsàn ńlá tó ti ń gba ìtọ́jú aboyún, wọ́n ní kí ọkọ rẹ̀ wá fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, nítorí ọjọ́ ìbímọ. Job ká ọwọ́ aṣọ sókè, ó ń yọ̀. Ọkùnrin tó ń gbé àpò fúláwà lọ́wọ́ kan, kí ni ẹ̀jẹ̀ ìgò kan máa ṣe é? Lọ́jọ́ kejì wọ́n pè é padà. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò ṣeé lò. Kòkòrò àrùn ẹ̀dọ̀ kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní hẹpatáítíìsì B. Láti ojú fèrèsé ni obìnrin tó sọ fún un ti sọ ọ́, ó sì fi ẹnu bírò ti káàdì rẹ̀ sí i, bí ẹni pé káàdì náà ń jáni jẹ.

Job bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìtọ́jú. Àwọn dókítà daṣẹ́ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Nígbà tí wọ́n wọlé padà, dókítà kan tí ara rẹ̀ balẹ̀ ní kí wọ́n ka iye kòkòrò tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ náà ná. Ẹ̀rọ tó ń kà á kò sí lọ́dọ̀ wọn, òkè òkun ni wọ́n ń fi ẹ̀jẹ̀ ránṣẹ́ sí. Oògùn wà, ojoojúmọ́ ni èèyàn ń lò ó, ó sì lè jẹ́ títí ayé. Ilé oògùn kan ṣoṣo ní Ìkẹjà ló mọ̀ pé ó ń tà á, orin tiwọn náà sì ni "ó ti tán, ẹ padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀."

"Mọ́mì Kóredé," ó sọ fún mi, "ẹ̀jẹ̀ mi á ti wọ bàálù kí èmi alára tó wọ̀ ọ́."

Ibẹ̀ ni mo ti dá sí ọ̀rọ̀ náà, kí Ọlọ́run foríjì mí. Àpótí kan wà nídìí àga ìwàásù ìjọ wa tí a máa ń ju ìwé ẹ̀bẹ̀ sí, kí gbogbo ìjọ lè bá ẹni tó kọ ọ́ gbàdúrà. Ẹni tó bá ń kà á máa ń sọ ọ̀rọ̀ náà, kì í sọ ẹni tó ni ín. Job kò fẹ́ràn ìwé kíkọ. Èmi jáde ìwé mẹ́wàá, ọwọ́ ìkọ̀wé mi sì dára. Mo kọ orúkọ àrùn náà kí àdúrà má baà ṣìnà. Mo kọ orúkọ Job, mo kọ ti bàbá rẹ̀. Mo tún kọ ibi iṣẹ́ rẹ̀, nítorí Job pọ̀ ní Agége, mi ò sì fẹ́ kí Olúwa lọ wo Job ẹlòmíràn sàn.

Díákónì Olúṣẹ̀yẹ ló ka ìwé ẹ̀bẹ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi yẹn. Ó ka ti arábìnrin tó ń wá ọkọ, ó ka ti ẹni tó ń wá físà. Ó wá ṣí ti Job. Mo rí i tó kà á tán sínú lákọ̀ọ́kọ́, tí ojú rẹ̀ lọ tó sì bọ̀. Ó lè ká ìwé yẹn padà. Ṣùgbọ́n ó sún mọ́ makirofóònù, ó kà á sókè, orúkọ àrùn, orúkọ Job, orúkọ bàbá Job. Ibi iṣẹ́ nìkan ló fò.

"Ilé kan náà ni àrùn yìí àti éèdì ti jáde," ó fi kún un látinú ọgbọ́n ara rẹ̀. "Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ ká gbàdúrà, ká sì máa ṣọ́ra."

Àga tí Job jókòó lé máa ń gba èèyàn mẹ́fà. Kí a tó kọ ẹsẹ kẹta orin tó tẹ̀ lé e, òun nìkan ló kù lórí rẹ̀.

Nílé búrẹ́dì náà, a máa ń gbàdúrà níwájú ààrò láàárọ̀, àwa tá à ń tà pẹ̀lú àwọn òṣìṣẹ́, kí wọ́n tó pín búrẹ́dì fún wa. Lọ́jọ́ Ajé, Díákónì ṣe àmín tán, ó ní kí Job bọ́ síwájú. Ó ti wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà. Ó na ọ̀rá dúdú kan sí i: àwo Job àti ife Job ló wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó já aṣọ iṣẹ́ Job lára ìṣó, ó jù ú sínú iná. Ó wá mú pákó ààrò, pákó gígùn tí wọ́n fi ń ti búrẹ́dì wọlé tí wọ́n sì fi ń fà á jáde. Igi Èkìtì ni. Job ló gbẹ́ ẹ fúnra rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì ti ṣe ojú ihò sí ibi tó ń dì mú. Díákónì ti òun náà sínú iná.

"Mi ò bínú sí ọ o, Job. Iṣẹ́ oúnjẹ ni tiwa. Mi ò lè jẹ́ kí o kó àrùn ran ọmọ ọlọ́mọ."

"Ọ̀gá, dókítà ní kì í ràn nínú oúnjẹ."

"Ṣé dókítà ló ń ra búrẹ́dì mi?"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Àwa obìnrin tó wà níbẹ̀ lé ní ogún, a ti mọ Job ṣáájú àrùn, kò sẹ́ni tó la ẹnu. Búrẹ́dì mi ti wà lórí àtẹ. Mo gbé e rù, mo lọ tà á.

Kí n tó yí ẹ̀yìn padà ni mo gbọ́ ohùn Job. Ó dúró títí pákó náà fi já sí méjì nínú iná.

"Ọ̀gá, ẹnu yín lẹ fi lé mi jáde. Ẹnu yín náà lẹ máa fi kó mi wọlé. Níbí yìí, lójú àwọn wọ̀nyí."

"O ṣì ń lálàá," ni Díákónì wí.

Job wá sílé mi lọ́sẹ̀ yẹn. Mo fún un ní àga, mo bá a kẹ́dùn, mo sì fún un ní omi. Omi inú ọ̀rá ni. Ife dígí méjìlá ló wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù tó kọjú sí i, àwọn tí mo fi ń ṣe àlejò. Ó wo kọ́bọ́ọ̀dù, ó wo omi ọwọ́ rẹ̀. Ó fi eyín já igun ọ̀rá náà, ó mu omi náà tán pátápátá, ó ká ọ̀rá rẹ̀ wẹ́wẹ́, ó fi í sápò.

"Ẹ ṣeun, Mọ́mì Kóredé. Mi ò gbọ́dọ̀ fi nǹkan kan sílẹ̀ nílé yín."

Mo mọ̀ pé iṣẹ́ mi kọ́ ni ẹ̀san. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń bẹ Ẹni tó ni iṣẹ́ náà pé kó má pẹ́ níbẹ̀, àti pé bó bá kàn mí, kó rọra.

Fàúsát, opó Làsísì, wà ní òdìkejì títì sí ilé búrẹ́dì Díákónì. Ọkọ rẹ̀ fi ilé búrẹ́dì sílẹ̀ fún un, ṣùgbọ́n òrùlé ààrò rẹ̀ ti wó. Ó pe Job bó ṣe ń kọjá.

"Job, wọ́n ní o lárùn."

"Mo ní in, Àlájà."

"Ṣé ó ń gba inú búrẹ́dì ràn?"

"Dókítà ní rárá."

"Ìwọ lo sọ ìyẹn. Ó yá, mú mi lọ bá dókítà náà."

Ó lọ lóòótọ́. Ó bi dókítà ní ti òógùn ara, itọ́, ọwọ́ bíbọ̀, ṣíbí, títí kan sísín sórí ìyẹ̀fun. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé e, àti ìbálòpọ̀, àti ìyá sí ọmọ nígbà ìbímọ. Kí Job má bá ẹnikẹ́ni lo abẹ ìfárí kan náà. "Búrẹ́dì ńkọ́?" ni Fàúsát tún bi í. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín títí. Fàúsát ní kó kọ ọ́ sílẹ̀ ní lẹ́tà gàdàgbà gàdàgbà, kó sì lu òǹtẹ̀ sí i. Wọ́n yẹ Adébísọ́lá náà wò, kò ní in, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ àjẹsára fún un. Ọmọ wọn gba tirẹ̀ lọ́jọ́ tó dáyé.

"Má wò mí báyẹn," ni Fàúsát sọ fún Job lójú ọ̀nà bí wọ́n ṣe ń bọ̀. "Mi ò ṣàánú ẹ. Ààrò ni mo fẹ́."

Job bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ààrò fún un. Kò kánjú rárá. Lójoojúmọ́ ni Díákónì ń wò ó láti òdìkejì títì.

Ẹ wá gbọ́ iṣẹ́ Olúwa. Díákónì ní àrùn Job ti wọ ara ààrò tòun. Ó ní kí àwọn ọmọ iṣẹ́ da omi àti oògùn apakòkòrò sínú rẹ̀, kí wọ́n fi ìgbálẹ̀ fọ̀ ọ́ tinú tòde. Ààrò amọ̀! Ohun tí iná kò pa láti ọdún mọ́kànlá, omi ló fẹ́ fi pa á. Amọ̀ sán, iyọ̀ abẹ́ rẹ̀ yọ́, ilẹ̀ rẹ̀ rì. Búrẹ́dì bẹ̀rẹ̀ sí í jóná nísàlẹ̀, òkè rẹ̀ á tutù bí ẹ̀kọ, gbogbo rẹ̀ á sì máa rùn bí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Àwọn amọ̀ààrò méjì wá lẹ̀ ẹ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ibi tí wọ́n lẹ̀ ló kọ́kọ́ máa ń já.

Nígbà tí àwọn oníbàárà mi ní Ọgbà ń dá búrẹ́dì padà fún mi, Díákónì ránṣẹ́ pè mí.

"Ìyá Kóredé, ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n jù."

Inú mi dùn débi tí mi ò tíì jẹ́wọ́ rẹ̀ fún pásítọ̀ títí dòní. Mo jíṣẹ́ fún Job. Ó fọ amọ̀ ọwọ́ rẹ̀ nù, ó rò ó.

"Ẹ sọ fún un kó kó àwọn ará ọjọ́sí jọ síwájú ààrò. Kó ka ìwé dókítà sókè bó ṣe ka tiyín. Kó mu omi nínú ife mi, àwọn á sì máa wò ó. Kó wá gbẹ́ pákó ààrò mìíràn fún mi, kó fi ọwọ́ rẹ̀ gbé e lé mi lọ́wọ́, láìwọ ìbọ̀wọ́. Lẹ́yìn náà la tó máa sọ̀rọ̀ ààrò. Mi ò ṣèlérí kankan o, Mọ́mì. Ẹ sọ ìyẹn fún un dáadáa."

Mo sọ ọ́ fún un lẹ́ẹ̀mejì. Ohun tó wù ú ló gbọ́.

Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, gbogbo wa pé. Job wọlé pẹ̀lú ọ̀rá dúdú ọjọ́sí, ó yọ ife rẹ̀ jáde. Díákónì ṣí ìwé dókítà, ó ń kà á sínú irùngbọ̀n.

"Ọ̀gá, àwọn tó wà lẹ́yìn ò gbọ́," ni Job wí. "Lọ́jọ́ Ìsinmi yẹn, àwọn tó wà lójú títì gan-an gbọ́ yín."

Ó tún un kà. Pé àrùn náà kì í gba inú oúnjẹ ràn. Pé Job lè ṣiṣẹ́ búrẹ́dì. Job pọn omi, ó kọ́kọ́ mu ìdajì, ó sì na ìyókù sí i. Díákónì wo ife náà bí ẹni tí wọ́n ní kó mu epo bẹntiróòlù. Ọ̀kan nínú wa kígbe pé, "Ẹ mu ún, Díákónì, ìgbàgbọ́ yín dà?" Mi ò ní sọ ẹni tó kígbe. Ó mu ún.

Ó wá gbé pákó náà wá. Kò mọ igi gbẹ́, ó sì hàn, ṣùgbọ́n òun ló gbẹ́ ẹ: ọwọ́ rẹ̀ ti bó. Job gbà á, ó dì í mú, ó wò ó bó ṣe gùn tó.

"Ààrò wá ńkọ́?" ni Díákónì bi í.

"Mo ti wò ó. Ó ṣeé tún ṣe. Iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta péré ni."

"Ọlọ́run ṣeun!"

"Mi ò ní ṣe é."



"Job! Lẹ́yìn gbogbo ohun tí mo ṣe?"

"Nítorí gbogbo ohun tí ẹ ṣe ni, ọ̀gá."

Ó gbé pákó náà lé èjìká, ó sọdá títì. Èéfín ti ń jáde nílé Fàúsát. Èmi ni mo kọ́kọ́ gbé àtẹ mi tẹ̀ lé e, mi ò sì wẹ̀yìn wo ẹni tó ń bọ̀, ṣùgbọ́n mo ń gbọ́ bàtà wọn. Kí ọdún tó parí, Díákónì ti ti ilé búrẹ́dì rẹ̀ pa, ó ń kó símẹ́ǹtì síbẹ̀. Bí wọ́n bá pàdé ní ṣọ́ọ̀ṣì, òun ló máa ń kọ́kọ́ kí Job. Job á dáhùn, lórí àga rẹ̀ tó ti tún kún.

Àrùn náà kò lọ. Ilé oògùn ṣì ń sọ pé ó ti tán, kí ó padà wá, Job sì ń padà lọ. Búrẹ́dì rẹ̀ ni mo ṣì ń tà.

Mo máa ń lọ kí wọn nílé lọ́sàn-án ọjọ́ Ìsinmi. Adébísọ́lá á gbé ife dígí fún gbogbo àlejò tó bá wà níbẹ̀. Tèmi nìkan ni Job máa ń dìde lọ mú fúnra rẹ̀: omi inú ọ̀rá, tútù nini. Mo máa ń fi eyín já igun rẹ̀, mo máa ń mu ún tán, mo sì máa ń ká ọ̀rá rẹ̀ wẹ́wẹ́ sínú báàgì mi, kí n má baà fi nǹkan kan sílẹ̀ nílé wọn.