Ẹ Lò Ó Tán

Iṣẹ́ orúkọ pípè ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ní ilé ìwòsàn kékeré kan ní Àjàh, èmi ni mo máa ń mú káàdì, tí mo ń pe aláìsàn kó tó wọlé bá nọ́ọ̀sì. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, ṣùgbọ́n orúkọ kì í bọ́ lórí mi. Bí atẹ́gùn ọ̀sà bá ń fẹ́ báyìí, mo ṣì ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń dá mi lóhùn: Síkírá onígaàrí, Làmídì awakọ̀, Kẹ́hìndé tó ń ṣọ́ géètì ní VGC.

Ti ẹnì kan ṣoṣo ni n kò lè pè. Lọ́jọ́ tí ó kan ọkọ mi, mo ní, "Bàbá Rísí!" Bàbá Rísí mẹ́ta ló dìde. Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín.

Atukọ̀ ni ọkọ mi, ní Badore. Nọ́ọ̀sì Ifeoma wé rọ́bà mọ́ ọn lápá, ó wo ẹ̀rọ, ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Dọ́kítà kọ oògùn, ẹyọ kan láràárọ̀. Yorùbá nọ́ọ̀sì kò já gaara, ó ní kí n bá òun ṣàlàyé. Oṣù kejì mi lẹ́nu iṣẹ́ nìyẹn. Ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn tí ibà ń ṣe náà ni mo sọ: "Ẹ lò ó tán o."

Ó lò ó tán lóòótọ́. Ó fi páálí òfìfo hàn mí létí omi.

"Ìyá Rísí, mo ti ṣe bí o ṣe wí."

"Ṣé orí ò fọ́ yín?"

"Orí wo? Ara mi fúyẹ́ bí ìyẹ́!"

Inú mi dùn, a ò sì lọ gba òmíràn. N kò mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ ríru kì í kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé.

Kò pẹ́ sígbà náà, ní àárọ̀ kan tí kùrukùru bo ojú ọ̀sà, àjẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lójú mi. Ó ń wò ó bó ṣe ń léfòó lọ, bí ẹni pé ti ẹlòmíràn ni. Ẹnu rẹ̀ ti yí sápá kan. Làmídì ló sáré gbé wa dé ilé ìwòsàn ńlá. Kò kú, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún yẹn kò di àjẹ̀ mú mọ́.

Nọ́ọ̀sì Ifeoma bi mí pé, "Kí lẹ sọ fún wọn gan-an?"

"Mo ní kí wọ́n lò ó tán."

Ó fi Yorùbá rẹ̀ tó ń tiro sọ ọ́: "Oògùn yìí, okùn ni. Ẹ tú okùn, ọkọ̀ lọ."

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti pààrọ̀ ọ̀rọ̀ ẹnu mi: "Kó tó tán, ẹ padà wá." Ẹni tó bá gbàgbé lánàá, mo ní kó má gbé méjì mì lónìí. Ẹni tí òòyì ń kọ́ bó bá dìde, mo ní kó máa rọra dìde, kó wá wí fún dọ́kítà, kó má dá oògùn dúró fúnra rẹ̀. Àwọn tó fẹ́ gbààwẹ̀, mo ní kí wọ́n wá béèrè ìgbà tí wọn yóò máa lò ó kí oṣù tó lé.

Ní ìgbà òjò tó kọjá yìí ni Bàbá Rísí lọ. Jímọ̀ télọ̀, aládùúgbò wa, wá kí mi kú ará fẹ́ra kù. Ojú rẹ̀ lọ sí páálí oògùn ojú fèrèsé.

"Ìyá, ẹ jẹ́ n mú un. Èmi náà ní ẹ̀jẹ̀ ríru, kó má ṣòfò."

"Jímọ̀, ṣé o lè gbé bùbá tí o rán fún Síkírá wọ Làmídì?"

"Háà, á ya!"

"Oògùn náà ní ìwọ̀n. Dìde, ká lọ wọn tìrẹ."

Mo mú páálí náà dání lọ dá padà ní ilé ìwòsàn. Obìnrin tó jókòó sáyè mi béèrè pé, "Ti ta ni, Mà?"

Mo la ẹnu. "Mùtíù," ni mo wí, bí mo ṣe máa ń pe àwọn yòókù. Kò sẹ́ni tó dìde.

Ó ka ohun tó kù, ẹyọ mọ́kànlá. Láti ọjọ́ tí àjẹ̀ ti bọ́, oògùn kò tán mọ́ ọn lọ́wọ́ rí. Òun ló kọ́kọ́ lọ, kí oògùn tó tán.