Suwebat àti Àwọn Tó Ń Sọ Pé Ó Ti Yé Àwọn

Bí ẹ bá bi mí léèrè irú èèyàn tí Suwebat jẹ́, ẹni tí kì í bínú sí òpè ni. Èmi ò rí bẹ́ẹ̀ ní tèmi. Èmi ni mo ni sáíbà kan lójú ọ̀nà Ikosi, ní Ketu, láyé ìgbà tí àwọn èèyàn ṣì ń ra tíkẹ́ẹ̀tì wákàtí kan kí wọ́n tó lè wọ íńtánẹ́ẹ̀tì. Bí oníbàárà bá bi mí ní ohun kan lẹ́ẹ̀mejì, ara mi á ti gbóná. Suwebat á dá a lóhùn títí tí yóò fi yé e, á tún béèrè bóyá onítọ̀hún ti jẹun.

Ọmọ alálùbọ́sà ni. Àpò-àpò ni ìyá rẹ̀ ń ta àlùbọ́sà ní Mile 12, ó sì wù wọ́n kí ọmọ àwọn dúró ti ọjà. Suwebat ní kọ̀ǹpútà ni tòun. Ó ń tún un ṣe kiri Ketu àti Ojota, ibẹ̀ ló ti rí i pé fáírọ́ọ̀sì ló ń ba kọ̀ǹpútà jẹ́ jù ládùúgbò wa, àti pé àwọn ètò tí a ń jí dà kọ fún ara wa ló ń kó o wọlé. Ní nǹkan bí ọdún 2006, ó bá àwọn kan pàdé lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń ṣe ètò ìpìlẹ̀ tí kọ̀ǹpútà fi ń ṣiṣẹ́, èyí tí kì í ṣe títà. Ẹni tó bá fẹ́ lè ṣí inú rẹ̀ wò, kó tún un ṣe, kó sì pín in fún aládùúgbò. Àwọn èèyàn kárí ayé ló pawọ́ pọ̀ ń ṣe é, ímeèlì ni wọ́n sì fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Suwebat wọ ẹgbẹ́ náà. Iṣẹ́ tó yàn láàyò níbẹ̀ ni dídá àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lóhùn.

Mo máa ń yọjú wo ohun tí wọ́n ń kọ síra wọn, orí mi a sì máa gbóná. Ẹni tuntun á béèrè ọ̀rọ̀, àgbà ẹgbẹ́ kan á ní kó lọ kàwé. Kò ní kí i, kò ní bi í pé báwo ni. Lẹ́yìn náà ni Suwebat á dé, á kí onítọ̀hún káàbọ̀, á sì mú ọ̀rọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan ó ní, "Aunty Yẹ́misí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá mi ní cyber yín ní Saturday morning. Mo fẹ́ kọ́ àwọn èèyàn."

Mo ní, "Free?"

"Free ni, Aunty. Ọ̀fẹ́ lèmi náà ṣe gbà á."

Mo kùn títí, ṣùgbọ́n mo gbà.

Àwọn tó wá kò pọ̀. Àgbà wọn ni Daddy Ọláìyá, ará Ìsẹ́yìn, tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ akọ̀wé ìjọba, tí wọ́n wá ṣí ṣọ́ọ̀bù kékeré tí wọ́n ti ń bá èèyàn tẹ̀wé. Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ni wọ́n ní. Iwájú ni wọ́n ń jókòó. Bí Suwebat bá ti béèrè pé, "Ṣé ó yé yín?" àwọn ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ dáhùn: "Ó ti yé wa." Àwọn yòókù á sì gbè é. Bí ó bá ti yé àgbà, ta ni yóò ní kò yé òun?

Ẹ̀yin náà ẹ mọ bí wọ́n ṣe tọ́ wa. Láti Primary One, ìdáhùn kan ṣoṣo ni ìbéèrè yẹn ní. Ẹni tó bá ní kò yé òun, olódo ni, tàbí kó jẹ́ pé ó fẹ́ tàbùkù tíṣà. Gbogbo wa la mọ̀ pé ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, ṣùgbọ́n tó bá ti di inú kíláàsì, ẹnu wa máa ń wúwo.

Ní Sátidé kan, Suwebat fún kálukú ní sídíì ètò náà pé kí wọ́n lọ fi sórí kọ̀ǹpútà wọn. Ó ṣàlàyé ibi tí wọ́n ti gbọ́dọ̀ ṣọ́ra. Ó ní, "Ṣé ó yé yín?" Wọ́n ní ó ti yé àwọn.

Ní ọjọ́ kejì, bí mo ṣe ń ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀, Daddy Ọláìyá ń dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà sáíbà. Wọ́n na sídíì sí mi. "Ẹ bá mi fún ọmọ yẹn. Ẹ ní mo kí i." Gbogbo ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà wọn ló ti parẹ́. Ìbéèrè ìdánwò tí wọ́n tẹ̀ fún ilé ìwé kan, láti Primary One dé Six, wà níbẹ̀, ìdánwò sì ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Wọn ò bú mi. Ì bá sàn kí wọ́n bú mi.

Mo pe Suwebat lórí fóònù, mo sì sojú abẹ níkòó. "Wọ́n ti ń sọ ọ́ kiri pé CD ẹ ń jẹ kọ̀ǹpútà. Tí Daddy ò bá padà wá, class yẹn ti parí nínú ṣọ́ọ̀bù mi." Kì í ṣe eré ni mo ń ṣe.

Ó dé lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó gbé kọ̀ǹpútà tirẹ̀ dání, a sì jọ lọ. Lójú ọ̀nà, mo ti to ẹjọ́ mi jọ: ṣebí àwọn fúnra wọn ló ní ó yé àwọn? Suwebat ní, "Aunty, ẹ dákun, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ níbẹ̀."

A bá Daddy tí wọ́n ń tún ìbéèrè náà tẹ̀ látinú ìwé tí àwọn tíṣà fọwọ́ kọ. Primary Two ni wọ́n wà. Suwebat kúnlẹ̀, ó kí wọn, kò wí àwíjàre kankan. Ó fa àpótí, ó gba ti Primary Five àti Six. Èmi ń kà á sókè, òun ń tẹ̀. NEPA mú iná, a tan jẹnẹrétọ̀, a ń bá a lọ. Nígbà tí yóò fi di ìrọ̀lẹ́, iṣẹ́ ti parí, a sì ti kó gbogbo rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà Daddy.

Ìgbà yẹn ló ki sídíì bọ kọ̀ǹpútà tirẹ̀, ó yí ojú rẹ̀ sí Daddy. "Daddy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa tẹ̀ ẹ́ lọ bí ẹ ṣe tẹ̀ ẹ́ lánàá. Mi ò ní sọ̀rọ̀."

Wọ́n ń tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí wọ́n dé ibì kan, ọwọ́ wọn dúró. Ẹnu ń yún mi, mo fẹ́ sọ̀rọ̀, Suwebat tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀.

Daddy ní, "Suwebat, kò yé mi. Látọjọ́ tí mo ti ń bọ̀ ni kò ti yé mi."

Suwebat tún kúnlẹ̀. "Ẹ ṣé, sà," ló sọ. "Ẹ ṣeun gan-an." Omi bọ́ lójú mi, n ò ní parọ́.

Daddy wá tọ́ka sí ojú kọ̀ǹpútà. "Wọ́n ní ṣé kó lo gbogbo disk. Ta ló máa ra kọ̀ǹpútà tí kò ní fẹ́ lo gbogbo ẹ̀? Wọn ò sọ pé ó máa pa iṣẹ́ mi rẹ́." Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo kà á. Lóòótọ́, wọn ò sọ.

Suwebat kọ ọ́ ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ náà, orúkọ Daddy ló sì fi sí i. Ọ̀kan nínú àwọn tó máa ń ní kí èèyàn lọ kàwé ló dáhùn. Ó ní òótọ́ ni, ó sì béèrè ọ̀rọ̀ tí Daddy fẹ́ kí wọ́n kọ síbẹ̀. Daddy sọ ọ́ lẹ́nu, Suwebat tẹ̀ ẹ́: ohun gbogbo tó wà nínú kọ̀ǹpútà yìí yóò parẹ́, ṣé o ti tọ́jú rẹ̀ síbòmíràn? Nígbà tí sídíì tuntun jáde, ọ̀rọ̀ Daddy Ọláìyá wà lórí rẹ̀.

Daddy padà wá ní Sátidé, àwọn tí ẹ̀rù sídíì ti ń bà náà sì tẹ̀ lé wọn dé. Láti ìgbà náà, Suwebat kò bi ẹnikẹ́ni mọ́ pé ṣé ó yé e. "Ibo ni kò yé yín?" ló máa ń béèrè.

Nígbà tí ó bímọ, Daddy ló bá a di kíláàsì mú. Ọmọbìnrin kan, Roheemat, wá láti àdúgbò Anthony. Daddy ṣàlàyé ọ̀rọ̀ fún un, ó sì yára dáhùn, "Ó ti yé mi, sà."

Daddy yọ awò ojú wọn. "Irọ́ lò ń pa. Èmi náà pa irú ẹ̀ rí, ó sì jẹ Primary One dé Six. Ibo ni kò yé ẹ?"

Ọmọ náà wo ilẹ̀, ó wò mí, ó wo Daddy. "Gbogbo ẹ̀ ni, sà."

"O ṣé," ni Daddy wí, wọ́n sì fa àga wọn sún mọ́ ọn.