Sikútà Mi Kì í Ṣe Ọ̀kadà

Títí di òní olónìí, bí òórùn òróró ólífì bá kàn mí nímú, inú á kọ́kọ́ bí mi ná kí n tó rántí pé oúnjẹ ni ẹnì kan ń sè. Kì í ṣe ẹ̀bi òróró. Ẹni tó dà á sórí sikútà mi ni mo ń bá wí, ní ọjọ́ Sunday kan tí oòrùn Atlanta mú ganrínganrín, níwájú gbogbo ìjọ, lórúkọ àdúrà.

Mo rántí bí mo ṣe rà á. College Park ni mò ń gbé nígbà náà, ibẹ̀ náà ni mo ṣì wà báyìí, níbi tí ọkọ̀ òfuurufú ti ń kọjá lórí òrùlé débi pé èèyàn á dá ọ̀rọ̀ dúró lẹ́nu títí ariwo rẹ̀ á fi lọ. Ibi tí wọ́n ti ń kó ẹrù sínú ọkọ̀ òfuurufú ni mo ti ń ṣiṣẹ́, mo sì ti di ọ̀gá lórí àwọn tó ń wọṣẹ́ àárọ̀. Ibẹ̀ kò jìnnà sílé. Nígbà tí ọmọ mi obìnrin wọ yunifásítì, mo gbé kọ́kọ́rọ́ mọ́tò mi lé e lọ́wọ́, torí ibi tó ń lọ jìnnà ju tèmi lọ. Ìyàwó mi ní ká ra mọ́tò mìíràn. Mo ní rárá o. Ohun kan ti ń wù mí láti ọjọ́ pípẹ́ tí n kò sọ fún ẹnikẹ́ni, àwọn àgbà sì ti sọ pé ohun tó wuni ní í pọ̀ nínú ọrọ̀ ẹni.

Ohun tó wù mí ọ̀hún ni sikútà. Bàbá mi jẹ́ ọ̀gá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìkìrun, sikútà ni wọ́n sì gùn títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Nígbà ayé wọn, ẹni tó bá ń gun sikútà kì í ṣe ẹni yẹpẹrẹ. Bí a bá ti gbọ́ ìró rẹ̀ lókèèrè, gbogbo àwa ọmọ ilé ìwé á ti wọ kíláàsì, à á ti gbé ìwé sójú. Lọ́jọ́ ìsinmi, èmi ni mo máa ń dúró níwájú, láàárín orúnkún bàbá mi, n ó di ọwọ́ sikútà mú bí ẹni pé èmi gan-an ni mò ń wà á. Ìyá mi á jókòó lẹ́yìn, wọ́n á kó ẹsẹ̀ méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n á pọn àbúrò mi obìnrin. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn èèyàn á sì máa júwọ́ sí wa lọ́nà. N kò tíì rí ìdílé tó níyì tó wa lójú ara mi láti ìgbà náà.

Ọ̀dọ̀ bàbá àgbàlagbà kan, èèyàn dúdú ará Amẹ́ríkà tó ń gbé ní Lithonia, ni mo ti rí èyí tí mo rà. Òun àti ìyàwó rẹ̀ ni wọ́n jọ ń gùn ún kí orúnkún rẹ̀ tó kọ̀ fún un. Kì í ṣe irú kékeré tí àwọn ọmọ ń gùn yí ọgbà ilé ìwé ká, kì í sì í ṣe alùpùpù gàgàrà tó ń bú ramúramù. Ó wà láàárín. Ó lè bá mọ́tò rìn lójú títì ńlá bó bá di dandan, kò ní jíà tí èèyàn ń fẹsẹ̀ tẹ̀, ibi ìtẹsẹ̀ rẹ̀ sì tẹ́ pẹrẹsẹ, tí èèyàn á jókòó lórí rẹ̀ bí ẹni jókòó sórí àga. Mo ná an bí a ṣe ń nájà nílé, ìyẹn ni pé mo kọ́kọ́ bú u. Mo ní táyà rẹ̀ ti gbó, mo ní ìjókòó rẹ̀ ti ya, mo ní bátìrì rẹ̀ kò ní pẹ́ kú. Bàbá náà gbọ́ títí, ó ní gbogbo ohun tí mo sọ ni òun ti kọ síbi tí òun ti polówó rẹ̀, ó wá béèrè bóyá mo fẹ́ ẹ tàbí n kò fẹ́. Ojú tì mí. Mo ní mo fẹ́. Nígbà tí a parí ọ̀rọ̀, ó wọlé, ó gbé àṣíborí méjì jáde, tirẹ̀ àti ti ìyàwó rẹ̀ tó ti kú, ó ní méjèèjì kì í ya ara wọn.

Mo pààrọ̀ táyà àti bátìrì, mo lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń gùn ún, mo ṣe ìdánwò, ìjọba fún mi láṣẹ. Àkókò náà ni igi ń tanná, tí lẹ́búlẹ́bú yẹ́lò inú òdòdó wọn ń dà sórí gbogbo nǹkan ní Atlanta, láràárọ̀ ni mo sì ń nu ìjókòó kí n tó jáde. Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún, síbẹ̀ mò ń rẹ́rìn-ín nínú àṣíborí níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti lè rí mi. Ká ní mo fi ayọ̀ mi mọ síbẹ̀, ìtàn yìí ì bá ti tán.

Ṣùgbọ́n a ní àṣà kan ní ìjọ wa. Ẹni tó bá ra mọ́tò, ì báà jẹ́ tuntun, ì báà jẹ́ àlòkù, dandan ni kó gbé e wá fún àdúrà lẹ́yìn ìsìn. Alàgbà kan ló wà fún iṣẹ́ yìí, òun àti ìgò òróró rẹ̀. Ọmọ ìlú wa ni, kò sí Kérésìmesì tí kì í fóònù kí ìyá mi ní Ìkìrun. Ẹ ó sì kíyè sí i pé n kò pè é ní “wọ́n” nínú ìtàn yìí. Mo mọ ohun tí mò ń ṣe.

Mo pè é lọ́sẹ̀ náà, mo ní Ọlọ́run ti fún mi ní ohun ìrìnnà. N kò purọ́. Bí ìsìn ṣe parí, wọ́n kọrin jáde tẹ̀ lé mi, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, ojú wọn ń wá jíìpù. Mo na ọwọ́ sí sikútà mi, tí mo ti nù títí ó fi ń dán. Orin dúró. Alàgbà wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá nǹkan mìíràn wà níbẹ̀. Kò rí nǹkan kan. Ó mí kanlẹ̀, ó ní ká dijú, ó gbóhùn sókè: “Olúwa, dá ọmọ rẹ yìí nídè. Gbé e kúrò nílẹ̀. Ohun tó gùn wá yìí, jẹ́ kó jẹ́ àgùnkẹ́yìn rẹ̀.” Ìjọ ní Àmín. Èmi náà ti ní Àmín kí n tó gbọ́ ohun tí mò ń ṣe Àmín sí. Ẹ tún un gbọ́: àgùnkẹ́yìn. Ṣé àdúrà nìyẹn àbí èpè? Ìdúpẹ́ ni mo gbé wá, wọ́n sọ ọ́ di ìtúsílẹ̀.

Ó da òróró sí ọwọ́ sikútà méjèèjì, ó dà á sórí ìjókòó, èyí tó kù sínú ìgò, ó dà á sórí táyà iwájú. Mo yẹ kí n nù ún, ṣùgbọ́n ta ni yóò fi ankáṣíìfù nu òróró àdúrà níwájú ìjọ? Mo gùn ún bẹ́ẹ̀. Bí mo ṣe fẹ́ yà sójú títì lẹ́nu géètì, ọwọ́ mi yọ̀, táyà yọ̀, sikútà sì rọra dùbúlẹ̀ lé mi lórí. Kò sí ohun tó ṣe mí ju ṣòkòtò funfun mi tó ya lórúnkún. Àwọn ìyá ìjọ pariwo Jésù. Alàgbà sì ní, “Ẹ ò rí i?” Òróró tí ó fọwọ́ ara rẹ̀ dà ló gbé mi ṣubú, òun náà ló tún ń pè mí ní àríkọ́gbọ́n. Bó ti wù kó pẹ́ tó, ẹni tó gun ẹṣin, ilẹ̀ ló ń bọ̀, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n wọn kì í bá a da òróró sí pátákò.

Mo rò pé ọ̀rọ̀ náà parí síbẹ̀. Lọ́jọ́ kan, àbúrò mi obìnrin, tó ń gbé lọ́dọ̀ ìyá mi, fóònù mi. Ohùn rẹ̀ kò dáa. Ó ní òun ṣàkíyèsí pé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí mò ń fi owó rẹ̀ ránṣẹ́ kò tán lásìkò tó yẹ kó tán. Nígbà tí òun ṣọ́ wọn, òun rí i pé ṣe ni ìyá wa ń gé hóró kan sí méjì, wọ́n ń lo ìlàjì, wọ́n ń tọ́jú ìlàjì. Ẹsẹ̀ wọn ti ń wú. Àbúrò mi ní òun bẹ̀ wọ́n títí kí wọ́n tó sọ̀rọ̀. Wọ́n ní Alàgbà ti pè wọ́n láti Amẹ́ríkà, ó sọ fún wọn pé nǹkan ti dẹnu kọlẹ̀ fún mi, pé mo ti ta mọ́tò, pé ọ̀kadà ni mo fi ń gbé èrò ní pápákọ̀ òfuurufú, pé mo tilẹ̀ ti ṣubú níwájú gbogbo ìjọ. Wọ́n ní àwọn kò lè máa jẹ oògùn olówó iyebíye nígbà tí ọmọ àwọn ń jẹ oòrùn nílẹ̀ onílẹ̀.

N kò lè ṣàlàyé irú ìbínú tó bí mi. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́, èyí sì ti balẹ̀ sórí ìyá mi. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, ṣùgbọ́n àgbà tiwa ló fọwọ́ ara rẹ̀ wọ́ ọ.

Ní Sunday tó tẹ̀ lé e, mo dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Mo dọ̀bálẹ̀ kí i ná, torí bí wọ́n ṣe kọ́ mi nìyẹn. Ìyà tó wà nínú ẹ̀kọ́ ilé ni pé ẹni tó ti dọ̀bálẹ̀ tán, ìwọ̀nba ni ohun tó tún lè sọ.

“Ẹ kú iṣẹ́ Olúwa, sà,” ni mo wí. “Wọ́n ní ẹ sọ fún ìyá mi pé mò ń gbé èrò.”

“Brother, ìfẹ́ ni o. I was just concerned,” ó dáhùn. “Mo ní kí Mama bá wa gbé e sínú àdúrà ni. Àbí kì í ṣe ọ̀kadà lo gùn wá síbí? Àwọn ọmọ tí a bí síbí ń wò wá now. Wọ́n á ní kí ni àwọn daddy wọn wá ṣe ní America?”

“Ìyá mi ń gé oògùn wọn sí méjì nítorí ohun tí ẹ sọ.”

Ó wolẹ̀. Mo rò pé yóò bẹ̀ mí. Ó ní, “God forbid. A máa gbàdúrà sí i.”

Mo kúrò níwájú rẹ̀ kí ọwọ́ mi má baà ṣe ohun tí ẹnu mi kò lè sọ.

Mo pe ìyá mi, mo búra, wọn kò gbà mí gbọ́. Mo ní ọ̀gá ni mí níbi iṣẹ́, wọ́n ní Ọlọ́run yóò ṣe é bẹ́ẹ̀. Lójú tiwọn, ọmọ tí nǹkan kò rọgbọ fún ló máa ń sọ pé kò sí wàhálà. Ọmọ mi ló gbà mí sílẹ̀. Ó wá sílé lópin ọ̀sẹ̀, ó fi fóònù rẹ̀ pe ìyá mi kí wọ́n lè máa rí wa, ó wá gbé e dání níwájú ilé. “Grandma, ẹ wo Daddy,” ó fi Yorùbá rẹ̀ tí kò ní ohùn òkè tí kò ní ohùn ilẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀. Mo dé àṣíborí mi, mo gùn ún lọ, mo gùn ún bọ̀ níwájú wọn. Mo yí padà lẹ́ẹ̀kan sí i.

“Dá a dúró,” ni mo gbọ́. “Yí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ síbí.”

Mo yí i.

“Ta ló pe èyí ní ọ̀kadà?” Ohùn wọn ti yàtọ̀. “Sikútà lèyí. Sikútà bàbá rẹ nìyí. Ta ló ń jókòó lẹ́yìn rẹ?”

Mo ní kò sẹ́ni.

“Má gbé ẹnikẹ́ni síbẹ̀ o. Àyè mi nìyẹn.”

Wọ́n ní kí àbúrò mi gbé oògùn wá. Wọ́n mú odidi hóró kan, wọ́n gbé e mì lójú wa, wọ́n sì bú Alàgbà ní ìjìnlẹ̀ Yorùbá tí ọmọ mi kò gbọ́, n kò sì túmọ̀ rẹ̀ fún un.

Ẹ̀mí wọn gùn dáadáa lẹ́yìn náà. Ara wọn kò gba ìrìn àjò ọ̀nà jíjìn, wọn kò wá, ṣùgbọ́n kò sí ìgbà tí mo bá pè wọ́n tí wọn kò ní béèrè sikútà wa. Lásìkò ọyẹ́ tó kọjá ni wọ́n lọ, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, nínú oorun. Àṣíborí kejì ṣì wà níbi tí mo máa ń gbé e kọ́ sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjókòó.

Láìpẹ́ yìí, bí mo ṣe ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́, mo rí Alàgbà tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú ibùdó rélùwéè. Ó ti darúgbó, ojú rẹ̀ kò jẹ́ kí ó lè wa mọ́tò mọ́. Mo dúró, mo dọ̀bálẹ̀ kí i. Ó ní ẹni tó yẹ kó wá gbé òun kò tíì dé, òun sì ti ń dúró tipẹ́. Ó wo sikútà, ó wo àṣíborí kejì.

“Ṣé o ò lè fi nǹkan yìí gbé mi délé? It's not far.”

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ nǹkan ló sáré wá sí mi lẹ́nu, tí mo ti ń tò sílẹ̀ láti ọdún yẹn. N kò sọ ọ̀kankan nínú wọn.

“Ẹ má bínú, sà,” ni mo wí. “Ìyá mi ló ni ibẹ̀.”

Mo pe ọmọ mi, tó ti ń gbé nítòsí wa báyìí, pé kó gbé mọ́tò wá, mo sì jókòó tì í lórí bẹ́ǹṣì títí ọmọ mi fi dé. Alàgbà ló gbàdúrà ní ìsìn ìrántí ìyá mi, ó mọ̀ dájú pé wọ́n ti kú. Kò béèrè ohun tí mo ní lọ́kàn, kò sì gbàdúrà lọ́tẹ̀ yìí.