Yíwọlá Fi Téèpù Wọn Ìbàdí Ayé

Yíwọlá ń ránṣọ ní Joubert Park ní Johannesburg, nísàlẹ̀ ilé gíga kan tí kò jìnnà sí Park Station. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í kúrò lórí ẹ̀rọ, ẹnu rẹ̀ náà kì í sinmi.

Lọ́dún 2008, bàbá rẹ̀ kú ní Iléṣà. Yíwọlá kò lè lọ sin ín. Ìwé ìgbélùú rẹ̀ kò tíì jáde. Bó bá lọ, kò ní lè padà wọlé. Lọ́dún kejì, ó ra tíkẹ́ẹ̀tì bàálù fún ìyá rẹ̀. Ojú ìyá rẹ̀ ló fẹ́ rí.

Màmá fi oríkì rẹ̀ pè é lórí fóònù, ó ní òun ò wọ nǹkan tí òun ò mọ bí ọ̀nà rẹ̀ ṣe gùn tó.

"Má ka kìlómítà fún mi o, Àlàní. Iléṣà sí Èkó lọ́nà mélòó ni? Bí n ò bá gbọ́ lónìí, dá tíkẹ́ẹ̀tì rẹ padà."

Ibi tọ́rọ̀ wà nìyẹn tí Olúdáre, ẹnjiníà kan láti Midrand, fi wọlé wá gba ṣòkòtò rẹ̀. Ó gbé bọ́ọ̀lù ayé kan dání, irú èyí tí wọ́n ya gbogbo ilẹ̀ àti òkun sí lára. Ọmọ rẹ̀ ló rà á fún. Ó gbọ́ ẹjọ́ Màmá.

"Iṣẹ́ tèmi rèé. Gbé rúlà wá, télọ̀."

Ó tẹ rúlà mọ́ bọ́ọ̀lù. Rúlà yọ̀. Ó tún tẹ̀ ẹ́, ó tún yọ̀.

"Eish, ọ̀gá ẹnjiníà! Ta ló ń fi igi wọn ikùn? Bí mo bá fi rúlà wọ̀n yín, ṣé ṣòkòtò yìí á wọ̀ yín?"

"Fi ikùn mi sílẹ̀ o jàre."

Yíwọlá yọ téèpù lọ́rùn. Ó fi yí ayé ká níbi tó ti sanra jù. Ínǹṣì mẹ́tàdínlógójì.

"Ẹ gbà mí o! Méjìlélógójì ni tiyín. Ẹ sanra ju ayé lọ!"

Olúdáre rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní ọ̀kẹ́ méjì kìlómítà ni ayé yí ká. Yíwọlá wá fa téèpù láti pápákọ̀ òfurufú Èkó dé ti Johannesburg: ínǹṣì mẹ́rin àti díẹ̀. Olúdáre tẹ fóònù rẹ̀. Ó tó ẹgbàajì kìlómítà ó lé ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta. Ó fi ọ̀nà Iléṣà sí Èkó pín in.

"Mọ́kànlélógún."

Ojú Yíwọlá rẹ̀wẹ̀sì.

"Sọ pé mẹ́wàá," ni Olúdáre wí. "Bó bá ti jókòó sínú bàálù tán, ta ló fẹ́ kà á?"

Yíwọlá mirí. Ẹni tó bá fi téèpù purọ́, aṣọ ló máa tú u fó. Ó pe Iléṣà.

"Màámi, ọ̀nà mọ́kànlélógún ni."

Yíwọlá lẹ fóònù mọ́ etí.

"Mọ́kànlélógún péré? Bàbá rẹ tó wa bọ́ọ̀sì Èkó ńkọ́? Kí oṣù méjì tó pé, á ti lọ tó bẹ́ẹ̀, á sì tún wálé wá bèèrè iyán." Ó rẹ́rìn-ín, ó wá fọn imú. "Mò ń bọ̀. Rán búbà kan dè mí."

"Ìwọ̀n yín àtijọ́ ni?"

"Rárá. Mo ti rù látìgbà tí bàbá rẹ ti lọ. Jẹ́ kí n dé, kí o fọwọ́ ara rẹ wọ̀n mí."

Yíwọlá ju ṣòkòtò sí Olúdáre láyà.

"Ẹ dìde, ọ̀gá. Mo fẹ́ ti ṣọ́ọ̀bù. Mò ń lọ ra aṣọ."