Lẹ́tà Kan Ṣoṣo Nínú Àká Zdravka

Kí n tó sọ ohunkóhun nípa Zdravka Kutseva, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ pé mo ti pè é ní ọ̀lẹ rí, lójú gbogbo ọ́fíìsì. Èmi Gencho ni mò ń tọ́jú àwọn òpó tí a fi ń wọn omi létí odò Dánúbù. Bí mo bá ti odò dé pẹ̀lú ẹrẹ̀ dé orúnkún, màá bá a níwájú kọ̀ǹpútà, yóò máa tún ohun tó ti ṣe tán lánàá ṣe. Mo ní ṣé iṣẹ́ náà rèé. Kò tilẹ̀ wojú mi. Ó ní kí n lọ bọ́ bàtà mi síta, òun ṣẹ̀ṣẹ̀ nu ilẹ̀ ni.

Ọdún kan náà ni wọ́n bí wa, ọdún kan náà la sì wọṣẹ́. Iṣẹ́ ọ́fíìsì wa kò lọ́jú pọ̀: à ń ṣọ́ odò. Bí omi bá kan ìlà pupa tó wà lára òpó, kọ̀ǹpútà á fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí fóònù àwọn abúlé mẹ́rìnlá tó wà nísàlẹ̀, kí wọ́n lè kó ọmọ àti ẹran wọn gòkè. Atẹ̀wé lásán ni Zdravka nígbà tó dé. Nígbà tí kọ̀ǹpútà dé, tí àwọn ọkùnrin ń yí i po bí ẹni rí ejò, òun ló jókòó tì í. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Ìwé àlòkù kan ló fi kọ́ ara rẹ̀ ní Báàṣì, èdè tí èèyàn fi ń to àṣẹ sílẹ̀ ní ẹsẹẹsẹ kí kọ̀ǹpútà máa tẹ̀ lé e. Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kán, tó dùbúlẹ̀ fún oṣù méjì, èmi ni mo fi ìka méjì tẹ orúkọ àwọn abúlé àti nọ́ńbà fóònù wọn sínú kọ̀ǹpútà. Mo fi yangàn fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn.

Ìwé àṣẹ mọ́kànlélógójì ni Zdravka ti kọ látìgbà tó ti kọ́ Báàṣì. Ọ̀kan ń ka òpó, ọ̀kan ń ránṣẹ́, ọ̀kan ń kọ ìròyìn òwúrọ̀ fún àwọn ará olú ìlú. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ìkọ̀ọ̀kan wọn ló ń dá ṣe gbogbo nǹkan. Bí a ṣe ń ránṣẹ́ wà nínú èyí, ó tún wà nínú ìyẹn, pẹ̀lú ìyàtọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìgbà tí ilé iṣẹ́ fóònù yí ọ̀nà ìránṣẹ́ padà, ọjọ́ mọ́kànlá ni Zdravka fi ń ti inú ìwé kan bọ́ sí òmíràn, ó sì tún gbàgbé méjì. Ìgbà yẹn gan-an ni mo pè é ní ọ̀lẹ. Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí.

Oṣù Kẹsàn-án ni nǹkan yí padà. Lọ́dọ̀ wa, oṣù yẹn kì í ṣe oṣù eré; gbogbo àgbàlá ló ń ta sánsán tàtàṣé sísun, torí ohun tí a bá dì sínú ìgò nígbà náà la ó máa jẹ títí yìnyín á fi yọ́. Zimnina là ń pè é. Mo lọ bá Zdravka bó èèpo tàtàṣé, àwa méjèèjì jókòó ti iná, ọwọ́ wa pupa dé ìgbọ̀nwọ́. Àfi bó ṣe dáwọ́ dúró lójijì.

"Gencho, bí mo bá fẹ́ jẹ tàtàṣé nínú oṣù Kìíní, ṣé oko ni mo máa ń lọ?"

Mo ní rárá o, abẹ́ ilé ló ń lọ, níbi tí ìgò wà.

"Kí ló wá dé tí mò ń lọ oko nígbà mọ́kànlélógójì ní ọ́fíìsì?"

Mo rò pé oòrùn ti mú un lórí. Mo ní kó rọra bu omi mu.

Ọjọ́ kejì ló bẹ̀rẹ̀. Ó ṣí fáìlì kan ṣoṣo, ó sọ ọ́ ní Zimnina. Èmi ń pè é ní àká. Ohun tí gbogbo ìwé àṣẹ rẹ̀ ń ṣe ní àṣetúnṣe ló ń yọ jáde, tó ń dì sínú àká yìí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìgò kan, iṣẹ́ kan. Èyí tó ń jẹ́ kaji, ìyẹn "sọ ọ́," á kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú aago tó ṣẹlẹ̀. Izprati á fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́. Opitai, ìyẹn "gbìyànjú," á tún nǹkan ṣe lẹ́ẹ̀mẹta bí kò bá bọ́ sí i lẹ́ẹ̀kan, torí fóònù etí odò wa yìí, Ọlọ́run nìkan ló mọ̀ ọ́n. Ìwé àṣẹ kọ̀ọ̀kan wá di kúkúrú: ìlà àkọ́kọ́ á ní kí kọ̀ǹpútà lọ ṣí àká, ìyókù á kàn máa pe ìgò lórúkọ.

Ó ní òfin kan: ìgò tí kò ní àkọlé kò gbọdọ̀ gun pẹpẹ. Lókè ìgò kọ̀ọ̀kan ló ti kọ ohun tó wà fún, kí ẹni tó bá ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ má baà máa táràrà. Lẹ́tà tiwa, èyí tí a fi ń kọ èdè ìlú wa, ló fi kọ àkọlé, àmọ́ lẹ́tà Látìn ló fi kọ orúkọ ìgò, torí òun ló mọ́ kọ̀ǹpútà lára. Bọ́tìnnì kan là ń tẹ̀ láti bọ́ látinú lẹ́tà kan sí èkejì. Kò sí ẹni tó ń tẹ̀wé nílùú wa tí kì í gbàgbé bọ́tìnnì náà.

Ọ̀gá wa, Ẹnjiníà Dragoev, kò rí ti ìgò rò. Òpin oṣù Kẹrin ni Zdravka máa fẹ̀yìn tì, ọ̀gá sì ti pinnu pé ọjọ́ tó bá lọ lòun máa pa gbogbo ohun tó kọ rẹ́, kí òun ra èyí tí wọ́n ti ṣe sílẹ̀ láti olú ìlú. Kò burú, àmọ́ ti olú ìlú yẹn kò ka abúlé tí kò tó igba èèyàn sí. Márùn-ún nínú mẹ́rìnlá wa ló máa já sílẹ̀. Zdravka bẹ̀ ẹ́, ó bẹ̀ ẹ́ títí. Níkẹyìn ọ̀gá fún un láyè kan: Ọjọ́rú kan nínú oṣù Kẹta, ní ọ̀sán gangan, kí àká fi ìdánwò ránṣẹ́ sí gbogbo abúlé mẹ́rìnlá, kí ẹni tó ń ṣọ́ fóònù ní abúlé kọ̀ọ̀kan pè padà. Bí mẹ́rìnlá bá pé, àká dúró. Bí ó bá dín ẹyọ kan, ó parí.

Ọ̀kan nínú àwọn abúlé kékeré yẹn ni Dolni Vrabets. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Mitra, ló ń ṣọ́ fóònù ibẹ̀. Ó ti pé ọdún méjì tí a ti bá ara wa sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. Omi gbé ilé oyin ẹ̀gbọ́n mi mẹ́sàn-án lọ, wọ́n ní àtẹ̀jíṣẹ́ kankan ò dé. Mo ní ó dé, oorun ló gbé wọn lọ. Níwájú gbogbo ẹbí, nídìí oúnjẹ Àjíǹde, mo ní ọjọ́ ogbó ti ń mú wọn purọ́. Ẹnu mi yìí ni mo fi sọ ọ́.

Ọjọ́rú náà pé. Zdravka wọ aṣọ tó dáa, òwú pupa àti funfun tí a ń so nínú oṣù Kẹta wà lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀. Ọ̀gá dúró lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú ife kọfí. Aago méjìlá lù, Zdravka tẹ bọ́tìnnì. Ìlà kan péré ni kọ̀ǹpútà kọ, pé òun ò mọ àṣẹ kankan tó ń jẹ́ opitai. Fóònù kankan ò dún.

Ọ̀gá gbé kọfí rẹ̀ mu tán. Ó ní òun ń lọ jẹun, aago mẹ́ta lòun máa dé, bí kò bá sì tíì ṣiṣẹ́ nígbà náà, kí a má bá òun sọ ọ́ mọ́. Kò pariwo o, jẹ́jẹ́ ló sọ ọ́, ìyẹn ló sì dùn mí jù.

Zdravka ṣí àká. Opitai wà níbẹ̀ gbagidi. Ó ṣí ìwé àṣẹ tó ń pè é: opitai. Ó ń fi ìka tọ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, o, p, i, t, a, i. Kò rí ìyàtọ̀ kankan. Ó ní nígbà tí òun dán àwọn ìgò wò lọ́kọ̀ọ̀kan, gbogbo wọn ló jẹ́ òun lóhùn. Ó pa kọ̀ǹpútà, ó tún un tàn, pàbó ló já sí. Lẹ́yìn wákàtí kan ó fi ọwọ́ bo ojú, ó ń sunkún. Látọjọ́ tí a ti jọ ń ṣiṣẹ́, n kò rí ẹkún rẹ̀ rí. Inú bí mi. Mo ti bọ́ bàtà mi síta lọ́jọ́ náà láìjẹ́ pé ó sọ fún mi, ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ká mi lára.

Mo ní, "Ojú rẹ lo ń bi látìgbà yìí wá, ojú rẹ ò mọ nǹkan kan. Bi kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ pé kí ló rí."

"Kí n bi í báwo?"

"Kí lèmi mọ̀? Ní kó kà á."

Ọ̀rọ̀ ìbínú lásán ni, mi ò mọ̀ pé ó nítumọ̀. Àmọ́ Zdravka nu ojú rẹ̀ nù. Ó yọ orúkọ náà látinú ìwé àṣẹ, ó ní kí kọ̀ǹpútà sọ iye àyè tó gbà. Mẹ́fà. Ó yọ èyí tó wà nínú àká, ó ní kó sọ tìyẹn náà. Méje. Ó tún un ṣe, méje ló tún jáde. Ni Zdravka bá bú sẹ́rìn-ín, omijé ò tíì gbẹ lójú rẹ̀.

Ó ní, "Lẹ́tà o yẹn, tiwa ni, Gencho. Kì í ṣe ti Látìn."

Ìbejì ni lẹ́tà o tiwa àti o ti Látìn lójú èèyàn. Kọ̀ǹpútà ò fojú wò ó bẹ́ẹ̀. Tiwa ń gba àyè méjì nínú rẹ̀, ti Látìn ń gba ẹyọ kan. Lọ́jọ́ tó di ìgò náà, Zdravka ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ àkọlé rẹ̀ tán ní lẹ́tà tiwa, ó sì gbàgbé bọ́tìnnì. Ó tẹ o, ó tẹ p, ó rí i pé p jáde ní lẹ́tà tiwa, ó pa á rẹ́, ó yí bọ́tìnnì padà, ó ń bá tirẹ̀ lọ. Lẹ́tà o ti jókòó síbẹ̀ ní tirẹ̀. Nígbà tó sì ń dán ìgò wò, ńṣe ló da orúkọ náà kọ láti ojú kọ̀ǹpútà, kò tún un tẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ ẹ lóhùn. Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ.

Lẹ́tà kan ṣoṣo ló tún ṣe, níbì kan ṣoṣo, gbogbo ìwé àṣẹ mọ́kànlélógójì sì tọ́. Mo ní kó tètè ránṣẹ́, aago méjì ti kọjá. Ó kọ̀ jálẹ̀. Ó ní bí ìgò kan bá bà jẹ́, gbogbo pẹpẹ lèèyàn ń yẹ̀ wò. Ó jókòó, ó di ìgò tuntun, ó sọ ọ́ ní bukva, ìyẹn "lẹ́tà." Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa wo orúkọ kọ̀ọ̀kan bóyá lẹ́tà tiwa àti ti Látìn dàpọ̀ nínú rẹ̀. Ó ní kó yẹ gbogbo ìwé àṣẹ wò, wọ́n mọ́. Ó ní kó yẹ ìwé orúkọ àti nọ́ńbà àwọn abúlé wò.

Bukva mú ẹyọ kan jáde: Vrabets. Lẹ́tà a inú rẹ̀, tiwa ni.

Zdravka tún un tẹ̀ ní ti Látìn. Ó wá ń ṣàlàyé fún mi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀. Ìwé àṣẹ àtijọ́ á wá orúkọ abúlé nínú ìwé nọ́ńbà fóònù. Bí kò bá bá a, á fò ó láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ti pé ọdún mẹ́ta tí àtẹ̀jíṣẹ́ kankan ò ti dé Dolni Vrabets. Kò bi mí pé ta ló tẹ ìwé náà. Ojú tì mí débi pé etí mi gbóná, mo sì ń wo ìka mi méjèèjì bí ẹni pé ti ẹlòmíràn ni wọ́n.

Aago mẹ́ta, ọ̀gá wọlé. Zdravka tẹ bọ́tìnnì. Ìlà bẹ̀rẹ̀ sí í jáde: kaji ń sọ abúlé tó ti gbà á, opitai ń gbìyànjú ti abúlé Slivovik lẹ́ẹ̀kejì. Fóònù orí tábìlì dún. Ọ̀kan, méjì, márùn-ún. Ọ̀gá ń fi bírò sàmì sí i. Kó tó di ogún ìṣẹ́jú, wọ́n ti di mẹ́tàlá. Fóònù ò dún mọ́. Ọ̀gá wo aago ọwọ́ rẹ̀. Zdravka di òwú ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú. Mo mọ ẹni tó kù, mo sì mọ̀ pé ẹni tí wọ́n ti pè ní òpùrọ́ nítorí fóònù lè má fẹ́ pe ẹnikẹ́ni padà mọ́.

Fóònù dún. Zdravka ò gbé e. Iwájú mi ló tì í sí.

"Ta ló ń fi omi dẹ́rù bà mí ní ọ̀sán pọ́nkán?" Ohùn Mitra ni. "Ọdún mẹ́ta ẹ ò ránṣẹ́, ìgbà tí mò ń sá aṣọ lẹ wá rí i."

"Ẹ̀gbọ́n mi, èmi Gencho ni. Ẹ ò purọ́. Kò dé lóòótọ́. Èmi ni mo ṣi lẹ́tà kan tẹ̀. Ẹ forí jì mí."

Mò ń gbọ́ adìẹ wọn lẹ́yìn wọn.

"Lẹ́tà kan?"

"Ẹyọ kan."

"Ìwọ àti ìka rẹ méjì yẹn." Wọ́n mí kanlẹ̀. "Wá jẹun lọ́jọ́ Àìkú. Kí o sì bọ́ bàtà rẹ síta."

Ọ̀gá sàmì kẹrìnlá. Zdravka bi í bóyá àká dúró. Ọ̀gá mi orí sọ́tùn-ún, ó mi í sósì, bí a ti ń ṣe lọ́dọ̀ wa bí a bá gbà, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Zdravka gbá mi lẹ́yìn gbàmù.

Ó ti fẹ̀yìn tì báyìí. Mo ti kan ilé oyin tuntun mẹ́rin fún ẹ̀gbọ́n mi, ó ku márùn-ún. Obìnrin tó gba ipò Zdravka kò tíì pè é lẹ́ẹ̀kan rí pé kó wá túmọ̀ nǹkan kan. Ó ní gbogbo rẹ̀ ló wà nínú àkọlé. Ohun tó wà lókè ìgò bukva ni: "Fún àwọn tó ń fi ìka méjì tẹ̀wé. Kí wọ́n lò ó kí wọ́n tó pe ẹnikẹ́ni ní òpùrọ́." Mo ti bẹ obìnrin náà pé kó bá mi yọ ọ́ kúrò. Ó ní kò ṣeé ṣe, ìgò tí kò ní àkọlé kò gbọdọ̀ gun pẹpẹ.