Lẹ́ǹsì Tí Ìyá Mi Yàn

Ọdún tí ẹsẹ̀ ìyá mi kọ̀ láti gbé wọn mọ́ ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi tírélà gbé ẹrù láti Apapa lọ sí Òkè Ọya. Ilé kan náà la jọ ń gbé ní Ajégúnlẹ̀. Bí mo bá ti dé, wọn kì í béèrè ohun tí mo rà bọ̀. "Kí lo rí lọ́nà?" ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ bi mí.

"Òkè ni, Màámi. Òkè tó ga gan-an."

Wọ́n á máa wò mí bí ẹni tó jẹun tí kò yó. Èmi náà mọ̀ pé mi ò rí nǹkan kan sọ.

Nígbà tí mo gbọ́ pé orí òkè Mambilla ni ẹrù tó kàn ń lọ, mo pinnu láti ra kámẹ́rà. Àwọn ọdún 1990 ti ń lọ sópin nígbà náà. Bàbá kan ń ta ẹrù tòkunbọ̀ nítòsí Warehouse Road. Wọ́n ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ òkun, ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ bí a ṣe ń ya àwòrán. Wọ́n gbé kámẹ́rà méjì síwájú mi. Ọ̀kan kéré, kò lo fíìmù rárá. Wọ́n yà mí, wọ́n yí ẹ̀yìn rẹ̀ sí mi, mo sì rí ara mi níbẹ̀, ẹnu mi là sílẹ̀. Mi ò tíì pa ẹnu náà dé tí àwòrán ti jáde!

"Ẹ fún mi lèyí, sà."

"Fara balẹ̀. Ó ń jẹ bátìrì bí ẹni ń jẹ ẹ̀pà. Kọ̀ǹpútà lo tún máa fi wo àwòrán rẹ̀ dáadáa. Ṣé o ní?"

"Rárá, sà."

Ìkejì ń lo fíìmù, ó ní lẹ́ǹsì méjì: ọ̀kan gùn, ọ̀kan kúrú. Wọ́n fi èyí tó gùn sí i, wọ́n ní kí n wo ìhà èbúté. Okùnrin kan wà lókè kéréènì, ó ń nu òógùn ọrùn rẹ̀. Mo gbé kámẹ́rà kúrò lójú, mi ò rí ẹnì kankan. Mo gbé e padà, ó wà níbẹ̀. Orí mi wú.

"Èyí ni mo fẹ́!"

"Ta lo fẹ́ ya àwòrán fún?"

Mo sọ ọ̀rọ̀ ìyá mi fún wọn. "Jẹ́ ká lọ bi wọ́n," ni wọ́n wí, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, wọ́n gbé kámẹ́rà náà tẹ̀ lé mi lọ sílé.

Mo gbé Màámi jókòó sí ojú fèrèsé. Wọ́n fi lẹ́ǹsì gígùn wo ọ̀rẹ́ wọn kan tó jókòó níwájú ilé rẹ̀ ní ìparí àdúgbò. "Yéè! Mo ń ka eyín ẹnu rẹ̀!" Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú wọn. Bàbá wá pààrọ̀ lẹ́ǹsì sí èyí tó kúrú. Màámi fi ọwọ́ méjèèjì gbá a mú. Gbogbo àdúgbò ló wọ inú rẹ̀: òrùlé páànù, gọ́tà, aṣọ lórí okùn, ojú ọ̀run.

"Èyí ni kó o mú."

"Màámi, òkè máa kéré nínú èyí o."

"Jẹ́ kó kéré. Tó o bá gé orí òkè nìkan wá fún mi, báwo ni mo ṣe máa mọ ibi tó o dúró sí?"

Bàbá wolẹ̀, wọ́n tún wo ìyá mi. "Mà, ó pẹ́ kí èmi tó mọ ohun tí ẹ sọ yìí."

Lórí Mambilla, mo páàkì sí ẹ̀gbẹ́ kọ́nà kan, mo gun àpáta. Kùrukùru wà nísàlẹ̀ ẹsẹ̀ mi, ọ̀nà ń lọ́ wọ inú rẹ̀ lọ. Mo tẹ kámẹ́rà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mo gbé e sílẹ̀, mi ò sì mọ ìgbà tí mo ṣí fìlà lórí.

Nígbà tí wọ́n fọ fíìmù náà tán, mo gbé àwòrán náà lé Màámi lọ́wọ́.

"Kí ni pupa kékeré yìí?"

"Tírélà mi ni, Màámi."

Wọ́n fi ìka bò ó mọ́lẹ̀, wọ́n gbé ìka kúrò. "Ilẹ̀ tó fẹ̀ tó báyìí," ni wọ́n wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Oúnjẹ ọ̀sán wọn tutù níwájú wọn, wọn ò gbé àwòrán náà kalẹ̀.