Ẹsẹ̀ Tuntun fún Gọ́ọ̀fù Kareemah

Kareemah ń kọ́ àwọn ọmọ lọ́wọ́ ní ilé-kéwú bàbá rẹ̀ ní Ìsàlẹ̀ Ọba nígbà tí fóònù rẹ̀ gbọ̀n nínú àpò. Kò gbé e. Òfin ibẹ̀ ni pé olùkọ́ kì í dá sí fóònù bí ọmọ bá ń ka wàláà lọ́wọ́, bàbá rẹ̀, Alfa Abdulmajeed, ló sì fi òfin náà lélẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó tún gbọ̀n, ó fi ẹ̀gbẹ́ ojú wo orúkọ ẹni tó ń pè. Lateef ni, ẹni tó ń ta ríìmù àti táyà tòkunbọ̀ lẹ́bàá ọjà Òdò-Orí. Láti ìgbà náà títí tí àwọn ọmọ fi ṣe àdúà ìparí, ohun tí wọ́n ń kà kò fi bẹ́ẹ̀ wọ̀ ọ́ létí mọ́.

Bó ṣe jáde, ó pè é padà.

"Àǹtí Kareemah, ọjà ti dé," ni Lateef wí. "Ríìmù oníhò mẹ́rin tó bá ọkọ̀ yín mu pọ̀ nínú ẹ̀. Ẹ tètè máa bọ̀ kí àwọn ọmọ yunifásítì tó gbọ́."

Kò dúró béèrè iye. Ọ̀dọ̀ ọkọ̀ ló gbà lọ.

Ẹni tó bá ń rí i lọ́nà ilé-kéwú nìkan kò lè gbà pé irú ọ̀rọ̀ yìí lè mú un sáré. Ó ti lé díẹ̀ ní ọgbọ̀n ọdún, híjáàbù rẹ̀ máa ń dé ìbàdí, ohùn rẹ̀ kì í ròkè. Ṣùgbọ́n láti kékeré ni ọkọ̀ ti wà lọ́kàn rẹ̀. Kí ọkọ̀ tó yọ ní kọ́nà, á ti fi ìró ẹ́ńjìnì mọ irú èyí tó ń bọ̀. Nígbà tó wá ra tirẹ̀, Gọ́ọ̀fù aláwọ̀ ewé kan tó ti dàgbà ṣùgbọ́n tí egungun rẹ̀ ṣì le, ó wà á fúngbà díẹ̀ bí gbogbo ayé ṣe ń wa ọkọ̀. Lẹ́yìn náà ló gbé e lọ bá mẹkáníìkì rẹ̀, Bọ̀ọ̀dá Afeez, ó ní kí wọ́n bá òun rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀.

Afeez yọ sípíríǹgì àtijọ́, ó fi èyí tó kúrú rọ́pò rẹ̀. Ọkọ̀ ba sílẹ̀ bí ológbò tó fẹ́ fò mọ́ eku. Inú Kareemah dùn, ṣùgbọ́n kò dùn tán. Ríìmù tó bá ọkọ̀ wá kéré, ó sì wọnú lábẹ́ féńdà bí ojú ẹni tí kò sùn.

"Bọ̀ọ̀dá, ó dà bí géńdé ọkùnrin tó wọ bàtà ọmọ rẹ̀ jáde," ló wí.

Láti ọjọ́ náà ló ti ń wá ríìmù. Ó ti ki ọwọ́ bọ abẹ́ féńdà, ó ti wọn àyè tó wà níbẹ̀. Láàárín táyà àti etí féńdà lóde, ìka méjì wọ̀ ọ́. Láàárín táyà àti ṣọ́ọ̀kì nínú, ìka kan péré ló wọ̀ ọ́, ìyẹn gan-an há. Ó mọ̀ pé àyè tí òun ní kò ju ìyẹn lọ.

Nígbà tó dé ṣọ́ọ̀bù Lateef, Afeez, tó ti pè lójú ọ̀nà, ti gun ọ̀kadà débẹ̀, jáàkì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ríìmù kún iwájú ṣọ́ọ̀bù bí ọsàn ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀. Èyí tó wà lókè pátápátá ń dán bíi fàdákà, ó jìn kòtò bí abọ́ ẹ̀kọ, ìnṣì mẹ́tàdínlógún sì ni. Kareemah sún mọ́ ọn.

"Mo ti nu èyí sílẹ̀ fún un yín," ni Lateef wí.

Ó dojú ríìmù náà dé, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀. Nọ́ńbà kan wà tí wọ́n máa ń tẹ̀ síbẹ̀, lẹ́tà E àti T ló máa ń ṣáájú rẹ̀. Bí nọ́ńbà yẹn bá kéré, ríìmù á yọ síta lára ọkọ̀. Bó bá tóbi, á wọnú. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló rí níbẹ̀, ríìmù náà sì fẹ̀. Ó mọ̀ pé á yọ síta ju ìka méjì lọ. Ọgbọ́n orí rẹ̀ ní kó gbé e sílẹ̀, ojú rẹ̀ kò gbà.

"Ẹ jẹ́ ká ṣáà dán an wò," ló sọ fún Afeez.

Wọ́n fi táyà sí ẹyọ kan, wọ́n dè é mọ́ iwájú. Bí ọkọ̀ ṣe wà lórí jáàkì, ó lẹ́wà débi pé àwọn tó ń kọjá lórí kẹ̀kẹ́ ń yí ọrùn wò ó. Afeez wá sọ jáàkì kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Féńdà bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀, ó sì jókòó lé táyà lórí bí adìyẹ tó ń sàba. Kareemah wò ó títí, ó bú sẹ́rìn-ín, àwọn yòókù náà bá a rẹ́rìn-ín.

Wọ́n tú u. Lateef gbé òmíràn wá, oníǹṣì mẹ́rìndínlógún, tí nọ́ńbà ẹ̀yìn tirẹ̀ jẹ́ márùndínláàádọ́ta, tí òun náà sì fẹ̀. Èyí kò yọ síta rárá. Ṣùgbọ́n nígbà tí Afeez fi ọwọ́ yí i, kò yí; inú rẹ̀ ti ń ha ṣọ́ọ̀kì.

"A lè fi irin pẹlẹbẹ sáàárín kó lè tì í síta," ni Lateef dámọ̀ràn.

"Rárá o, Lateef. Èyí tó máa wọ̀ ọ́ fúnra rẹ̀ ni mo fẹ́."

Ó ká apá aṣọ sókè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú òkìtì ríìmù náà fúnra rẹ̀, ó ń yí wọn lójú dé lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ nu eruku ẹ̀yìn wọn. Nísàlẹ̀ pátápátá ló ti rí i. Ìnṣì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ méje, nọ́ńbà ẹ̀yìn sì jẹ́ márùndínlógójì. Ó ṣe ìṣirò rẹ̀ lórí, ó tún un ṣe. Lóde, á gba nǹkan bí ìka kan nínú ìka méjì tó ní. Nínú, á gba díẹ̀, á ṣì ku àyè tínínrín. Àwọ̀ eérú ni, apá márùn-ún ló ní bíi ti ìràwọ̀. Kareemah gbé e sọ́tọ̀.

"Mélòó ló wà?"

Wọ́n wá a. Wọ́n rí èkejì, wọ́n rí ẹ̀kẹta. Wọn kò rí ẹ̀kẹrin. Lateef wọ inú ṣọ́ọ̀bù, ó jáde lọ́wọ́ òfo. Afeez lọ wo ẹ̀yìn ilé. Kareemah ń tún òkìtì náà tú, òógùn ti bo ojú rẹ̀, ó ń sọ lábẹ́ ètè pé Ọlọ́run ò ní fi mẹ́ta han òun kó fi ìkan pamọ́.

Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Peter, abara bí erin, tó ń dúró kí wọ́n lẹ táyà rẹ̀. Orí pákó kan ló jókòó sí, wọ́n sì gbé pákó náà ka orí nǹkan. Ó ń wo bí wọ́n ṣe ń wá a kiri, kó tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo abẹ́ ìdí ara rẹ̀.

"Ẹ dákun, mà," ló wí, "ṣé kì í ṣe òun ni mo jókòó lé yìí?"

Òun ni. Lateef ti fi ṣe àga oníbàárà láàárọ̀ ọjọ́ náà gan-an tí ọjà dé.

Wọ́n fi táyà tó bá a mu sí i, wọ́n de mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n sọ ọkọ̀ kalẹ̀. Féńdà wálẹ̀ títí dé etí táyà, ó dúró síbẹ̀, kò kàn án. Afeez gbọ́wọ́ lé ìbàdí. Ṣùgbọ́n ọkàn Kareemah kò tíì balẹ̀, nítorí ọkọ̀ tó ṣófo kò jọ ọkọ̀ tó kún. Ó bẹ Peter kó jókòó sẹ́yìn, ó ní kí Lateef àti Afeez bọ́ sínú pẹ̀lú rẹ̀. Ó tẹ́ páálí sílẹ̀, ó dùbúlẹ̀ lé e tòun ti híjáàbù, ó wo abẹ́ féńdà. Ìmọ́lẹ̀ ṣì ń kọjá láàárín. Nígbà tó dìde, ó fi ọwọ́ bo ẹnu, ẹ̀rín ń mi èjìká rẹ̀, omi sì lé sí i lójú.

Lọ́jọ́ Àìkú, Alfa Abdulmajeed ní àwọn fẹ́ lọ kí àbúrò àwọn obìnrin, Ìyá Àbẹ̀ní, ní Olúpọ̀nnà. Jíìpù ẹ̀gbọ́n Kareemah tí wọ́n máa ń gbé kò sí nílé. Orúnkún ọ̀tún ń dun Alfa, àtigun jíìpù gíga náà sì máa ń jẹ́ ìyà fún wọn. Kareemah kúnlẹ̀.

"Bàbá, bí ẹ kò bá bínú, ẹ jẹ́ kí n fi tèmi gbé e yín."

Wọ́n wo ọkọ̀ náà, wọ́n wo ọmọ wọn. Wọ́n kẹ̀yìn sí ẹnu ọ̀nà ọkọ̀, wọ́n jókòó, wọ́n fa ẹsẹ̀ méjèèjì wọlé. Kò pẹ́ rárá, orúnkún kò sì ké. Wọ́n jókòó síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ bí ẹni tó ń retí ìrora tí kò wá.

Lójú ọ̀nà, wọ́n béèrè ohun tó ṣe fún ẹsẹ̀ ọkọ̀. Ó ṣàlàyé bí èkíní ṣe yọ síta, bí èkejì ṣe wọnú jù.

"Bíi ti ẹni tó ń tò sínú sáfù ìrun ni," ni Alfa wí. "Kò gbọdọ̀ yọ síwájú ẹnì kejì rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ fà sẹ́yìn."

"Bẹ́ẹ̀ gan-an ni, sà."

Ó rọra ń yẹ kòtò, ó ń fi igun ọkọ̀ kan ṣáájú gun gegele ojú ọ̀nà kí abẹ́ rẹ̀ má baà kàn án. Ibi tí ọ̀dà ti dán, ó jẹ́ kó sáré. Ọkọ̀ lẹ̀ mọ́ ilẹ̀, kò mì, kọ́nà kò sì tì í. Inú rẹ̀ ń dùn débi pé ó ń bẹ̀rù kí bàbá rẹ̀ má gbọ́ bí àyà rẹ̀ ṣe ń lù.

"Ṣé bó ṣe lè sáré mọ nìyí?" ni Alfa béèrè, ojú wọn ń wo iwájú.

Ìyá Àbẹ̀ní fi iṣu àti ẹ̀gẹ́ kún bùútù nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀. Bí wọ́n ṣe ré gegele kan kọjá, nǹkan kan ha ṣẹ́ẹ́ lẹ́yìn lápá òsì. Kareemah ti mọ̀ ọ́n, ó sì sọ fún bàbá rẹ̀: etí inú féńdà ló ń ha táyà, ó ní láti di kíká sókè díẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, lẹ́yìn kéwú, ó ti wà lọ́dọ̀ Afeez, wọ́n ń fi òòlù rọra ká irin náà, nígbà tí fóònù rẹ̀ dún. Bàbá rẹ̀ ni. Wọ́n ní ṣé Afeez á ti ṣe Gọ́ọ̀fù náà tán kí ìrun àsárì tó tó, àwọn fẹ́ kó gbé àwọn dé Ilé-Ogbó.